Ẹ jẹ́ kí koríko ilẹ̀ wa padà sí àgbàlá wa ní Àgbádárìgì

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì dúpẹ́ fún àyè tí ẹ máa ń fún àwọn òǹkàwé láti sọ tẹnu wọn. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí jẹ mọ́ àgbàlá ilé wa. Mo fẹ́ bẹ àwọn onílé ní Àgbádárìgì àti ní gbogbo etí òkun wa pé kí wọ́n tó ra koríko kápẹ́ẹ̀tì, tàbí kí wọ́n tó tẹ́ íńtálọ́ọ̀kì bo ilẹ̀ wọn tán, kí wọ́n kọ́kọ́ wo àwọn koríko tí ó ti ń hù lórí ilẹ̀ yìí ṣáájú kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dé, kí wọ́n sì gbin díẹ̀ nínú wọn síwájú ilé fún ẹwà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè ṣe àjèjì létí ẹni tí ó ti ń fi àdá lé koríko kúrò ní àyíká rẹ̀ láti kékeré. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, mo sì rí i pé koríko ni ìjìyà tí à ń fún ọmọ tí ó bá pẹ́ dé ilé-ìwé: a ó fún un ní àdá, a ó wọn àyè fún un, oòrùn yóò sì máa pa á. Kò lè rọrùn fún ọmọ bẹ́ẹ̀ láti dàgbà tán kí ó sì rí ẹwà lára koríko.

Ohun tí à ń rí báyìí, láti Àjárá títí dé Mọ̀wó àti Àrádàgún, ni pé bí ènìyàn bá ti ra ilẹ̀, katakata ni yóò kọ́kọ́ gbé wá láti ha gbogbo ewéko orí rẹ̀ dànù. Bí ilé bá parí, wọn a tẹ́ íńtálọ́ọ̀kì láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìnkùlé, wọn a gbin igi masquerade méjì sí ẹnu ọ̀nà, wọn a sì fi koríko kápẹ́ẹ̀tì dí ìwọ̀nba àyè tí ó bá ṣẹ́ kù. Owó oníkálukú ni ó fi ń ṣe é, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ni à ń jùmọ̀ jẹ nínú àbájáde rẹ̀ bí òjò bá dé.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò rẹ̀. Pulọ́ọ̀tì kan tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú àti 120 ní gígùn fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 669. Bí òjò mìlímítà kan bá rọ̀ sórí mítà onígun mẹ́rin kan, lítà omi kan ni. Bí òjò oṣù Kẹfà bá wá rọ̀ tó mìlímítà 50 ní ọjọ́ kan ṣoṣo, èyí tí kì í ṣe ohun tuntun ní etí òkun wa, omi tí yóò bọ́ sórí pulọ́ọ̀tì náà ju lítà 33,000 lọ. Táńkà omi mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gbé lítà 10,000 kò lè gbé e tán. Ilẹ̀ yanrìn ni tiwa, yanrìn kì í sì í dá omi dúró. Bí a bá fi ojú rẹ̀ sílẹ̀, yóò mu púpọ̀ nínú omi náà. Nígbà tí òrùlé àti íńtálọ́ọ̀kì bá ti bo gbogbo rẹ̀, ojú títì ni omi yóò gbà lọ, láti ibẹ̀ yóò sì wọ ilé aládùúgbò tí ilẹ̀ tirẹ̀ rẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yanrìn tí a fi sílẹ̀ lásán náà kò lè dúró, nítorí pé omi tí ń já láti orí òrùlé yóò gbẹ́ ẹ, yóò kó o sínú gọ́tà, ìpìlẹ̀ fẹ́ǹsì yóò sì yọ síta. Gbòǹgbò ni ó ń di yanrìn mú, kò sì sí ewéko tí gbòǹgbò rẹ̀ wẹ́, tí ó pọ̀, tí ó sì so mọ́ra wọn bíi ti koríko.

Ẹnìkan lè sọ pé koríko kápẹ́ẹ̀tì náà ní gbòǹgbò. Ó ní i, n kò sì ka koríko náà sí ohun búburú, nítorí pé ó fara da ìbòji, àwọn ọmọdé sì lè ṣeré lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n apá ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó gbóná tí òjò sì pọ̀ ni ó ti wá, gbòǹgbò rẹ̀ kò sì jìn. Bí ọyẹ́ bá dé bá a lórí yanrìn Àgbádárìgì, yóò gbẹ, yóò sì pọ́n, àfi kí onílé máa tan jẹnẹrétọ̀ fa omi kànga láti fi rin ín ní gbogbo ìgbà. Mo ti rí ilé tí owó epo tí wọ́n fi ń bomi rin koríko nínú ẹ̀ẹ̀rùn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oúnjẹ. Ní àkókò kan náà, ní etí títì ìta ilé yẹn gan-an, àwọn koríko tí ẹnikẹ́ni kò gbìn, tí ẹnikẹ́ni kò sì bomi rin, dúró lórí ìdí wọn.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ewéko àjèjì yé àwa ará Àgbádárìgì ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní ọdún 1984 ni koríko orí omi tí òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní water hyacinth, gba ojú omi tiwa níhìn-ín wọ Nàìjíríà láti apá orílẹ̀-èdè Benin. Ìhà gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìbílẹ̀ rẹ̀. Ẹwà òdòdó rẹ̀ ni ó mú kí àwọn ènìyàn gbé e káàkiri ayé láti fi ṣe ọ̀ṣọ́ adágún omi wọn, kí ó tó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn apẹja wa mọ ìyókù. Ọkọ̀ ojú omi kì í rọ́nà kọjá, àwọ̀n ń há, ẹja sì ń kú nísàlẹ̀ níbi tí atẹ́gùn kò ti dé. Ní apá ibi tí omi iyọ̀ ti ń wọ inú ọ̀sà nínú ẹ̀ẹ̀rùn, yóò kú, yóò sì jẹrà, ṣùgbọ́n bí òjò bá ti padà, òun náà yóò padà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tí ó jẹ́ tiwa ṣe di ìyọnu fún ẹlòmíràn. Gbogbo ẹni tí ó bá ti rìn nínú ọ̀dàn ilẹ̀ Yorùbá ni yóò mọ eruwà. Ọ̀kan nínú oríṣi rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń jẹ́ Andropogon gayanus, ni wọ́n gbé láti ilẹ̀ Áfíríkà lọ sí Ọsirélíà ní àwọn ọdún 1930 kí màlúù lè rí nǹkan jẹ. Lónìí, ìjọba ibẹ̀ ti kà á mọ́ àwọn koríko tí ó ń ba ilẹ̀ wọn jẹ́ jù lọ. Ó ń ga tó mítà mẹ́rin níbẹ̀, ó ń lé koríko ìbílẹ̀ wọn kúrò, bí iná bá sì ràn mọ́ ọn, ooru iná náà pọ̀ débi tí ó fi ń pa igi tí iná pápá àtijọ́ kì í pa. Níhìn-ín lọ́dọ̀ wa, kòkòrò ń jẹ ewé rẹ̀, ẹran ń jẹ ọ̀mùnú rẹ̀, ẹyẹ ń jẹ hóró rẹ̀, àgbẹ̀ sì ń gé igi rẹ̀ fi ṣe ọgbà àti òrùlé ahéré. Koríko kan náà ni, ṣùgbọ́n nílé ni ó ti ní àwọn tí ń mú un dúró sí àyè rẹ̀. Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ó yẹ kí á wo ilẹ̀ pẹ̀lú kí á tó pinnu ohun tí a ó gbìn sí i.

Nínú àwọn koríko tí mo rò pé ó yẹ àgbàlá wa, eruwà ni mo fi ṣíwájú, pàápàá oríṣi tí a mọ̀ sí Andropogon tectorum, tí ó ń hù ní apá gúúsù. Ó ń ga ju ènìyàn lọ, nítorí náà ẹ̀bá fẹ́ǹsì ni àyè rẹ̀, níbi tí yóò ti bo ògiri sìmẹ́ǹtì tí ojú kò fẹ́ẹ́ máa rí. Nígbà tí àrọ̀kúrò bá ń lọ sópin, ó ń yọ orí, igi rẹ̀ sì ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí ọyẹ́ ti ń sún mọ́lé. Ní àkókò tí gbogbo òdòdó àgbàlá bá ti rọ, tí eruku sì ti bo ewé gbogbo, ìgbà yẹn gan-an ni eruwà ń dára jù lọ.

Ẹni tí kò bá fẹ́ èyí tí ó ga tó bẹ́ẹ̀ lè lo koríko etí títì kan tí orí rẹ̀ gùn bí ìrù ológbò, tí irun wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ sì ní àwọ̀ tí ó wà láàrin pupa àti wúrà. Cenchrus polystachios ni àwọn onímọ̀ ń pè é báyìí. Ẹ gbìn ín síbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ yóò ti máa yọ sí i láti ẹ̀yìn, ẹ ó sì rí i bí irun náà ti ń tàn. Ó ní àléébù kan: hóró rẹ̀ ń fọ́n ká púpọ̀, nítorí náà kí á gé orí rẹ̀ kí ó tó gbó tán. Níwájú rẹ̀, lórí yanrìn gbígbẹ tí nǹkan mìíràn kò ti fẹ́ hù, kí á fọ́n hóró Melinis repens, koríko kúkúrú tí orí rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, tí ó sì ń funfun bí ó bá ń gbó. Kì í pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n ó ń tún ara rẹ̀ gbìn. N kò tíì rí ohun tí olódòdó ń tà tí ó dùn ún wò tó ọ̀wọ́ koríko yìí bí atẹ́gùn òkun bá ń fẹ́ ẹ.

Lábẹ́ igi àgbọn tàbí máńgòrò, níbi tí ìbòji wà, koríko gíní tí àwọn tí ń sin ọ̀yà àti ewúrẹ́ mọ̀ dáadáa yóò ṣe dáradára. Bí ẹ bá gbìn ín, ẹyẹ ẹ̀ga yóò wá ya ewé rẹ̀ lọ hun ìtẹ́, àwọn ẹyẹ kéékèèké yóò sì máa kó ara wọn jọ wá jẹ hóró rẹ̀, èyí sì jẹ́ ayọ̀ fún ilé tí ó ní ọmọdé tàbí arúgbó. Ibi tí ilẹ̀ bá ti dà gẹ̀rẹ́, tàbí etí gọ́tà tí omi ń jẹ, koríko tí wọ́n ń pè ní fétífà (vetiver) ni ó tọ́ sí i, nítorí pé gbòǹgbò rẹ̀ ń lọ tààrà sísàlẹ̀ ju mítà mẹ́ta lọ dípò kí ó rá bàbà. Ti Íńdíà ni ó pọ̀ jù lọ́jà, kò sì sí ewu nínú rẹ̀ nítorí pé kì í fọ́n hóró ká, ṣùgbọ́n Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní fétífà tirẹ̀, Chrysopogon nigritanus, tí ń hù létí odò, èmi yóò sì fẹ́ràn kí á máa wá a. Ní ti ẹni tí ilé rẹ̀ wà létí ọ̀sà tí kò sì lè ṣe kí ó má ní koríko títẹ́ pẹrẹsẹ, Paspalum vaginatum tí ó ti wà ní etí omi wa láti ìgbà pípẹ́ ń fara da omi iyọ̀, òun náà ni wọ́n sì ń tẹ́ sí pápá gọ́ọ̀fù ní ọ̀pọ̀ ìlú etí òkun káàkiri ayé. Igun tí omi bá ń dúró sí lè gba koríko etí odò tí àwọn ìyá wa ń gé láti hun ẹní. Ewé eéran kì í ṣe koríko ní tòótọ́, ṣùgbọ́n n kò lè fò ó, nítorí pé ìbòji tútù ni ó fẹ́, ewé rẹ̀ sì lẹ́wà bí ó ti wúlò fún ẹni tí ń pọ́n mọ́ínmọ́ín.

Kì í ṣe gbogbo koríko ìbílẹ̀ ni ó yẹ ilé o. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbin ẹ̀kan. Àgbẹ̀ tí ó bá ti wa iṣu tí gbòǹgbò ẹ̀kan gún ní àgúnyọ mọ ìdí rẹ̀: abẹ́ ilẹ̀ ni ó ń gbà rìn, ó ń yọ láàrin íńtálọ́ọ̀kì, iná sì ń tètè ràn mọ́ ọn. Èèsún náà tóbi ju àgbàlá lásán lọ, etí ewé rẹ̀ sì ń ya ènìyàn lára. Ẹni tí ó ní ilẹ̀ púpọ̀ àti ẹran ọ̀sìn ni kí ó gbìn ín sí ìpẹ̀kun ilẹ̀ rẹ̀. Ewé tíì tí a fi ń se àgbo ibà kì í ṣe ìbílẹ̀, láti Éṣíà ni ó ti wá, ṣùgbọ́n ó ń dúró sójú kan, ó sì ń ṣe wá láǹfààní, nítorí náà kí ẹni tí ó ní i má fà á tu. Ohun tí ó yẹ kí á máa wò ni bóyá koríko ń hù ní ìdí kan ṣoṣo tàbí ó ń rá bàbà lọ síbi tí a kò rán an.

Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò mi ti kọ̀wé sí mi rí pé kí n gé igbó iwájú ilé mi. N kò bínú sí wọn, nítorí pé ìbẹ̀rù ejò ni ó wà lẹ́yìn ìwé náà, ìbẹ̀rù ejò kì í sì í ṣe ohun tí a lè fi ṣeré. Ṣùgbọ́n ohun tí ejò ń wá ni eku, ohun tí eku sì ń wá ni pàǹtí, òkìtì búlọ́ọ̀kù, pákó tí a kó jọ, àti ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kì í dé. Koríko tí a gbìn ní ìdí-ìdí, tí a fi àyè ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí àárín wọn, tí a ń gbá abẹ́ rẹ̀, tí a sì ń fà á sẹ́yìn kúrò lára ògiri àti ẹnu ọ̀nà, yàtọ̀ pátápátá sí igbó. Ní ti ẹ̀fọn, lóòótọ́ ni ó ń sinmi sínú ewé lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n inú omi tí ó dúró ni ó ń yé sí, ìyẹn inú gọ́tà tí ó dí, inú táyà àti agolo. Ẹgbẹ́ onílé tí ó bá fẹ́ lé ẹ̀fọn, gọ́tà ni kí ó kọ́kọ́ lọ wò. Kò yẹ kí á tún gbàgbé pé koríko ti níyì nílẹ̀ Yorùbá rí: ní Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, ọdún pàtàkì kan wà tí wọ́n ń pè ní ọdún Bẹẹrẹ, nígbà tí wọ́n máa ń gé koríko bẹẹrẹ wá fi bo òrùlé ààfin Aláàfin.

Gbígbìn rẹ̀ kò le. Bí àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ tí ilẹ̀ sì ti tutù dé ìsàlẹ̀, kí ènìyàn tọ ẹni tí ó ni ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sí lọ, kí ó gbàyè lọ́wọ́ rẹ̀ láti hú ìdí koríko kí katakata tó dé. Kí ó fi àdá pín ìdí náà sí ọ̀nà mélòó kan, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀mùnú mẹ́ta sí márùn-ún pẹ̀lú gbòǹgbò, kí ó gé ewé wọn kù sí ìwọ̀n ọwọ́ kan, kí ó sì gbìn wọ́n ní ọjọ́ náà gan-an. Kí ó máa bomi rin wọ́n títí tí ewé tuntun yóò fi yọ. Lẹ́yìn ìyẹn, òjò ni yóò ṣe ìyókù. Kò pọn dandan kí á fi ajílẹ̀ sí i. Bí ajílẹ̀ bá pọ̀, koríko yóò ga lásán, yóò sì ṣubú lulẹ̀ bí ìjì bá jà. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nígbà tí oṣù Kejì bá ń parí, kí ó fi dòjé tàbí àdá gé gbogbo rẹ̀ kù sí ìwọ̀n ọwọ́ kan sílẹ̀, kí ó sì fi ohun tí ó gé bo ìdí àwọn ewéko mìíràn. Kí ó má ṣe sun ún, nítorí pé iná àgbàlá kì í gbọ́ràn sí ẹni tí ó dá a.

Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dé etí ìjọba ìbílẹ̀ wa àti LASPARK, àjọ tí ń bójú tó ọgbà ìtura àti igi gbígbìn ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje lọ́dọọdún ni ìpínlẹ̀ yìí máa ń ṣe ọjọ́ igi gbígbìn, a sì ń dúpẹ́ fún un. Kí wọ́n fi koríko ìbílẹ̀ kún igi tí wọ́n ń gbìn, kí wọ́n sì fi eruwà àti Melinis dán agbede-méjì òpópónà Èkó sí Àgbádárìgì wò, níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ yanrìn tí kò sì sí ẹni tí yóò máa gbé omi lọ síbẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Kí àwọn olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ya bẹ́ẹ̀dì kan sọ́tọ̀ fún un nínú ọgbà ilé-ìwé, kí ọmọ lè mọ̀ pé a tún ń gbin koríko, a kì í kàn án gé nìkan.

Ṣùgbọ́n àwọn olódòdó etí títì ni mo gbójú lé jù lọ. Àwọn ni onílé ń tọ̀ lọ bí ilé bá parí, ohun tí wọ́n bá sì kó síwájú ìsọ̀ ni onílé ń rà. Kí wọ́n di ìdí eruwà àti koríko gíní sínú ọ̀rá dúdú, kí wọ́n tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ igi masquerade àti koríko kápẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sì sọ fún oníbàárà pé kò ní máa bomi rin èyí nínú ọyẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìdí tí yóò fi bẹ̀rẹ̀, kí ó wá sí ilé mi ní Àjárá bí àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀. N kò ní gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó ti fẹ̀yìn tì,
Àjárá, Àgbádárìgì.